Oníbodè Inú Ara: Bí Iyọ̀ àti Ṣúgà Ṣe Di Oògùn Onígbáméjì

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ogun tàbí ti oyè. Ìtàn ẹnubodè ni, ẹnubodè tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn wà bí onígbáméjì bá dé. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà ìkà kan tí mo hù nígbà èwe.

Ní ilé bàbá mi àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbín máa ń jáde lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ ewé kókò, bí òjò bá ti dá. Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni mí. Mo bu iyọ̀ nílé ìdáná, mo sì wọ́n ọn sí ìgbín kan lára. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ ohun tí mo rí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ó ń hó bí ọṣẹ, ìgbín náà sì ń súnkì títí ó fi kù díẹ̀ nínú ìkarahun rẹ̀. Ìyá kan nínú agbo ilé wa bá mi níbẹ̀, ó sì fà mí létí. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé èèwọ̀ ìgbín ni iyọ̀ ni? Àwọn olórìṣà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ìgbín ni oúnjẹ Ọbàtálá, a kì í sì í fi iyọ̀ sí i. Mo bi í pé níbo ni omi ti wá, nígbà tí ó jẹ́ pé iyọ̀ gbígbẹ ni mo wọ́n sí i. Ìyá náà kò dá mi lóhùn. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìbéèrè ọmọdé yẹn ti da àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé láàmú láti 1748.

Kí a tó dáhùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya Ọ̀yọ́ Ilé. Nígbà tí Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé ibẹ̀ ní 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ yí ìlú náà ká, tí ó ga tó nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú yàrà lẹ́yìn rẹ̀ àti ẹnubodè 10. Ẹnubodè yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Odi tí kò ní ẹnubodè, ibojì ni. Ebi ni yóò pa gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹnubodè tí kò ní oníbodè náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀tá yóò bá a wọlé. Oníbodè ni ó jókòó sáàárín, tí ó ń wo ẹrù, tí ó ń gba owó ẹyọ, tí ó mọ ẹni tí ó ń wọlé àti ẹni tí ó ń jáde. Aláṣọ kọjá níwájú rẹ̀, oníyọ̀ tí ó ti ìhà òkun wá kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó, odi Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, àwọn ará ìletò púpọ̀ sì sá wọ inú rẹ̀.

Ara ènìyàn, àgbájọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pe ìlú kọ̀ọ̀kan, ó sì kéré ju hóró iyanrìn lọ dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní odi tirẹ̀, tí a ń pè ní awọ sẹ́ẹ̀lì. Orúkọ yìí lè ṣi ará Ọ̀yọ́ lọ́nà díẹ̀, nítorí ìlú oníṣẹ́ awọ ni wọ́n. Bí a bá ti dárúkọ awọ, ọkàn wọn á lọ sí awọ ewúrẹ́ tí a kùn, tí a fi ṣe àpò àti tìmùtìmù. Awọ sẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rá ni, ó sì rọ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní 1748, àlùfáà Faransé kan tí ń jẹ́ Nollet rọ ọtí líle kún inú ohun èlò kan, ó fi àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bo ẹnu rẹ̀ pinpin, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi. Àpò náà wú sókè bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, nítorí omi ń gba inú awọ náà wọlé tọ ọtí lọ. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, Overton ṣàkíyèsí pé ohun tí ó bá lè yòrò nínú òróró kì í pẹ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ohun tí kò lè yòrò nínú òróró máa ń dúró síta. Ó wá gbà pé ohun tí ó jọ òróró ni odi náà. Ní 1925, Gorter àti Grendel, ní ilẹ̀ Netherlands, yọ ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sójú omi kí wọ́n lè wọn fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó tó láti bo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀méjì. Odi onípele méjì ni, ọ̀rá lórí ọ̀rá.

Ìdáhùn ìbéèrè mi wà níbẹ̀. Iyọ̀ kò lè la ọ̀rá kọjá. Omi lè kọjá, àgàgà níbi tí ó bá ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí Peter Agre ti Amẹ́ríkà fi hàn ní 1992. Nígbà tí iyọ̀ bá sì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan odi ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, omi ni yóò tọ iyọ̀ lọ. Omi tí ó jáde lára ìgbín yẹn, omi inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání: ibi tí iyọ̀ bá lọ, omi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó kù rọ̀ mọ́ ọn.

Orúkọ onígbáméjì fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí àrùn náà ń ṣe: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1831 àti 1832, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan, O'Shaughnessy, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó mú wò. Ó rí i pé omi àti iyọ̀ ti dín kù gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì ní kí a dá a padà fún wọn. Ní 1832 náà, Latta ní ìlú Leith rọ omi oníyọ̀ sínú iṣan obìnrin arúgbó kan tí ó ti ń kú lọ. Ojú obìnrin náà là, ó sì sọ̀rọ̀. Àìsàn náà padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ó sì kú, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí Latta rọ ọ́ fún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn yè. Ẹ wò ó, àwọn méjì yìí ti dé ẹnu ọ̀nà òtítọ́. Ṣùgbọ́n omi wọn kò mọ́ tó, ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣì ń kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì pa iṣẹ́ náà tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n padà sí, tí wọ́n ń fà á jáde lára ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀!

Nígbà tí omi oníyọ̀ inú iṣan padà di àṣà, wàhálà mìíràn kù. Ó gba owó, ó gba abẹ́rẹ́, ó gba ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rọ, kò sì ju inú ìlú ńlá lọ. Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ilé ìwòsàn Baptist, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Dókítà George Green dé ní 1907, tí a ń pè lónìí ní Bowen University Teaching Hospital. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lóko, tí ilẹ̀ ti ṣú bá, kí ni yóò ṣe? Ẹnu ni ọ̀nà tí ó yá jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá fún aláìsàn ní omi oníyọ̀ mu, ṣe ni ó ń bá ìdí jáde. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé àrùn náà ti bó inú ìfun bí ẹni bó èèpo iṣu, pé odi ti wó, pé kò sí ohun tí ó lè wọlé mọ́.

Irọ́ ni. Ní 1959, De ní ìlú Calcutta fi hàn pé oró tí kòkòrò onígbáméjì ń pọ̀ jáde ni ó ń fa omi wọ inú ìfun. Ní 1960, àwọn tí wọ́n gé díẹ̀ nínú awọ ìfun aláìsàn wò ní Bangkok rí i pé awọ náà kò bó. Odi dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè ni oró náà kàn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Iyọ̀ inú ara ń gba ibẹ̀ tú dà sínú ìfun, omi sì ń tẹ̀ lé e, títí ó fi lè tó lítà kan láàárín wákàtí kan lára àgbàlagbà.

Ní oṣù kẹjọ 1960 kan náà, Robert Crane, ọmọ Amẹ́ríkà, dìde ní ìpàdé kan ní ìlú Prague, ó sì ṣàlàyé ẹnubodè mìíràn. Ní ojú sẹ́ẹ̀lì ìfun, oníbodè kan wà tí kì í jẹ́ kí ṣúgà dá wọlé. Ṣúgà gbọ́dọ̀ bá sódíọ̀mù rìn, èyí tí ó jẹ́ ìdajì iyọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé papọ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn. A ti wá mọ̀ pé sódíọ̀mù méjì ni ó ń bá hóró ṣúgà kan wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, oníbodè ti ẹ̀yìn odi, tí Skou ti ilẹ̀ Denmark rí ní 1957, á máa ti sódíọ̀mù sí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ láìsinmi, kí àyè lè wà fún òmíràn. Omi náà á sì tẹ̀ lé wọn.

Crane kò ronú kan onígbáméjì rárá. Bí ṣúgà ṣe ń wọ ara ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n oró onígbáméjì kò fọwọ́ kan ẹnubodè tirẹ̀. Bí gbogbo ẹnubodè ìlú bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá tí ó ku ọ̀kan, a lè gba ibẹ̀ kó oúnjẹ wọlé fún àwọn ará ìlú.

Ìmọ̀ kò sì tó láìsí ìwọ̀n. Ní Manila ní 1962, Phillips, dókítà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn ní iyọ̀ àti ṣúgà tí ó le jù, àwọn kan sì kú. Ó pa iṣẹ́ náà tì. Ní 1968 ni Nalin àti Cash rí ìwọ̀n tí ó tọ́ ní Dhaka. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì wọ àgọ́ àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon ní ilẹ̀ India. Omi ìgò tí a ń rọ sínú iṣan tán. Dókítà Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi nínú àgbá, kí àwọn ẹbí máa fi ife bù ú fún àwọn ènìyàn wọn. Ikú tí ó ti ń pa nǹkan bí 30 nínú 100 wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 4.

Ní 1971 yẹn gan-an, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa?

Ní oṣù kẹjọ 1970 ni onígbáméjì dé ilẹ̀ Guinea. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Nàìjíríà. Ní 1971, a kọ 22,931 ènìyàn sílẹ̀ tí ó mú ní Nàìjíríà, 2,945 nínú wọn sì kú. Ìyẹn ni pé ó ń pa ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ. Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kún fọ́fọ́ nígbà náà, nítorí ní oṣù kọkànlá 1969 ìjọba Busia ní Ghana ti pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nídìí òwò níbẹ̀ títí dé Tamale. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn tí wọ́n ti Ghana dé ni wọ́n kó àrùn wọ̀lú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wà nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù kí àrùn náà tó gúnlẹ̀ sí ìhà tiwa nínú Áfíríkà.

Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n dé. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n bí ní Tamale, kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní 1971, ìgbẹ́ gbuuru mú un, èébì sì tẹ̀ lé e. Ó ń tọrọ omi. Àwọn àgbà ní kí a má fún un, pé omi náà ni ó ń di ìgbẹ́, pé bí a bá dá omi dúró, ìgbẹ́ yóò dá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́. Èmi ni wọ́n rán pé kí n gbé kèrègbè kúrò nítòsí rẹ̀. Mo gbé e. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn, awọ ìka rẹ̀ ti hunjọ bí ti ẹni tí ó fọṣọ pẹ́, kò sì tọrọ omi mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó ń dá omi dúró o. Àwọn ìyá mìíràn wà tí wọ́n ń bu omídùn, omi tí ó ń lé sórí ògì tí ó ti sílẹ̀, fún ọmọ tí àrunṣu bá mú. Èmi kì í bá wọn fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní Bangladesh, láti 1980 síwájú, wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì rọ́pò ṣúgà nínú omi oníyọ̀, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí ó wà nínú ìrẹsì àti nínú àgbàdo máa ń di ṣúgà nínú ìfun. Iyọ̀ ni omídùn kò ní tó.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ikú ọmọ náà, ní 1986, mo wà ní Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, ni mínísítà ètò ìlera láti 1985, ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ àti ṣúgà sì gba orí rédíò kan. Nọ́ọ̀sì kan wá sí agbo ilé wa láti kọ́ àwọn ìyá. Omi tí a ti sè, tí ó tutù, ìgò bíà kan, tàbí ìgò mínírà méjì, ìyẹn mílílítà 600. Ṣúgà onígun márùn-ún, tàbí ṣíbí kékeré mẹ́wàá tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba. Iyọ̀, ṣíbí kan ṣoṣo, kí ojú òun náà dọ́gba.

Ìyá mi àgbà gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ti iyọ̀ yé mi. Ẹni tí ó bá làágùn lóko, iyọ̀ ni ara rẹ̀ ń bèèrè. Kí ni ti ṣúgà? Ṣé ẹ fẹ́ fi tan ọmọ kí ó lè mu ún ni?"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá. Iyọ̀ kò lè dá wọlé. Ṣúgà ni ó ń mú un wọlé, omi á wá tẹ̀ lé àwọn méjèèjì."

Ìyá mi àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí ìyàwó àti àwọn tí wọ́n sìn ín wá. Ó yé mi."

Èmi tí mo ti ka ìwé nípa sẹ́ẹ̀lì, n kò tíì rí ẹni tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ Crane fún mi tó báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má béèrè: "Ṣé bí a ṣe ń fún ọmọ lómi nìyí láti ọjọ́ yìí?" N kò sọ̀rọ̀. Ìtàn kèrègbè yẹn ti dé Ọ̀yọ́ ní ọdún tí ó ṣẹlẹ̀.

Ṣíbí ni ó ń ni nọ́ọ̀sì náà lára. Ṣíbí rẹ̀ gba mílílítà 3, ṣíbí tíì inú ilé gba nǹkan bí 5, àwọn kan sì ń bù ú ní òkìtì. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú omi náà, ọ̀rọ̀ ìgbín ni: omi inú ara ọmọ yóò jáde tọ iyọ̀ náà lọ, oògùn yóò sì di oró. Ó mú ṣíbí onírọ́bà funfun kan dání, olójú méjì, ojú ńlá fún ṣúgà, ojú kékeré fún iyọ̀. Irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ ni àjọ TALC pín káàkiri ayé, àjọ tí David Morley dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Morley kì í ṣe àlejò wa, nítorí ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kí ọdún 1960 tó dé àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ní 1991, onígbáméjì mú 59,478 ènìyàn ní Nàìjíríà, ó sì pa 7,654. Ẹ fi wé ti 1971: ẹnì kan nínú mẹ́jọ ṣì ni. Inú ń bí mi nígbàkúùgbà tí mo bá rántí iye yìí. Ogún ọdún ti kọjá lẹ́yìn Bangaon, ìmọ̀ ti wà, ṣúgà àti iyọ̀ sì wà nínú ilé. Omi tí ó mọ́ àti ẹni tí yóò tètè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ni kò sí.

Ní 2002, àjọ ìlera àgbáyé dín iyọ̀ àti ṣúgà inú ìyẹ̀fun inú ọ̀rá náà kù, nítorí wọ́n rí i pé ti àtijọ́ ṣì le díẹ̀ fún ọmọdé, ó sì ń pẹ́ kí ìgbẹ́ tó dá. Òun ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ sì ka iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. A tún máa ń fi oògùn zinc kún un fún ọmọdé, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, lítà kan omi tí ó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú gbogbo wọn dọ́gba, kí ẹ sì máa gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ ti ń fún un mu. Ẹ má lo ìwọ̀n ìgò ti 1986 mọ́, nítorí ìgò mínírà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣíbí ọwọ́ yín kì í sì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Bí ọmọ bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn.